Mẹ́gáàdì Dá Bàbá Mi Dúró Lẹ́nu Òtẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Fọwọ́ Ara Wọn Kọ́

Ẹ gbà mí o! Mẹ́gáàdì ló dá bàbá mi dúró lónìí lẹ́nu òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ sáàárín Ṣàgámù.

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ń lọ nínú ilé, àlejò ò lè wọlé."

Àlejò!

Òrùlé ibẹ̀ ti ń jò tipẹ́, a ò rágbára tún un ṣe, la fi tà á. Bàbá kàn ní kí n gbé àwọn lọ wò ó ni.

Obìnrin tó rà á ló jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì mú wa wọlé. Wọ́n ti wó yàrá tí olóògbé ìyá mi ti máa ń gbàlejò. Bàbá fọwọ́ kan ògiri tó kù.

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, omi ti ba ibẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Agbára mi ni ò ká a mọ́. Bá mi tún èyí tó kù ṣe dáadáa."

Mo gbé Bàbá padà sílé wa ní àdúgbò Òfin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì náà rí, tàbí tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó níbẹ̀, ẹ bá mi kọ ohun tẹ́ ẹ rántí síbí. Mo fẹ́ kà á sí Bàbá létí.