Ìyá Hilkka Ò Gbà fún Tuukka

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Tuukka nígbà tí ìwé ìjọba dé pé kó wọ àgọ́ ológun lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní. Ní abúlé wọn, ọkùnrin tó bá sá kúrò ní àgọ́ náà láìparí iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan, títí láé ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú sáúnà, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń làágùn tí wọ́n sì ń ṣòfófó. Kì í ṣe ìbọn ló ń já Tuukka láyà, eré sísá ìṣẹ́jú méjìlá tí wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò ni. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á ṣubú lójú gbogbo ayé, òun á sì bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà sílé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló ń jí. Ó wọ bàtà ológun àtijọ́ bàbá rẹ̀ káàkiri ilé títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ó tiẹ̀ ní kí bàbá náà, Raimo, máa jágbe mọ́ òun nídìí oúnjẹ kó lè mọ́ òun lára. Raimo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín pa á, ló bá jáwọ́.

Eré sísá ló kù. Kìlómítà méjì ni láti ilé wọn dé ibi tí àpótí lẹ́tà gbogbo abúlé wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tuukka rò pé òun ń fò ni, àfi bí nǹkan ṣe dún ṣìì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Hilkka aládùúgbò wọn ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí potkuri rẹ̀, àga tó ní irin gígùn méjì nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kan tì lórí yìnyín. Ó ń lọ mú ìwé ìròyìn nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ó kí i, ó kọjá.

Ojú ti Tuukka gan-an. Ó búra fún bàbá rẹ̀ pé bí òun ò bá yára ju ìyá yìí lọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, òun ò ní lè ṣe ológun. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kì í gbé inú Raimo sùn. Nígbà tí Hilkka gbọ́, ó nu irin potkuri rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Oṣù kan ààbọ̀ ló fi ń kọjá lára ọmọ ọlọ́mọ, nígbà míì tòun ti àpò ọ̀dùnkún lórí àga.

Lọ́jọ́ keje oṣù kìíní, Tuukka sá eré àsápajúdé. Ó kù díẹ̀ kó dé ìdí àpótí lẹ́tà ni irin dún ṣìì. Hilkka tún ṣáájú.

Tuukka fárígá. “Ìyá Hilkka, ojoro lẹ̀ ń ṣe. Irin lẹ̀ ń gùn, ẹsẹ̀ lásán lèmi fi ń sá. Ọ̀nà yìí gan-an dà gẹ̀rẹ́ wá síbí, òun ló ń gbé yín. Bàbá mi ló tú àṣírí mi, mo mọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ lè jẹ́ kí n borí lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀la ni mò ń lọ?”

“Ṣé o ti sọ ọ́ tán?”

“Ó kù. Ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́.”

Hilkka yọ ìwé ìròyìn rẹ̀ nínú àpótí. “Lóṣù kọkànlá, orí yìnyín níbí lo máa ń sùn gbalaja sí. Mo máa ń ka ìròyìn mi dé ìdajì kí o tó lè kí mi káàárọ̀. Lónìí, mi ò tíì ṣí i, o ti rojọ́ kún mi létí, o ò sì mí hẹlẹ lẹ́ẹ̀kan.”

Tuukka fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń lù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìbínú.

Hilkka ti yí potkuri padà. “Ó yá, máa sá lọ sílé,” ó ní. “Màá fún ẹ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú.”

Kò fún un tó ìdajì.