Ọ̀pẹ Abilà Tó Mú Mi Dé Igbó Erìò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú igbó Erìò. Ó ti ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bí igi gbígbẹ bá dá lẹ́yìn mi, àyà mi á já.

Ẹni tó bá ti wọ ilé wa ní Àrámọkọ rí á ti rí àwọn ọ̀pẹ mi. Kì í ṣe ọ̀pẹ oko o. Ọmọ ọ̀pẹ abilà ni wọ́n, àwọn tí ilà funfun máa ń wà lára ewé wọn. Èèyàn lè rin oko títí kó má rí ẹyọ kan. Inú ìkòkò tó ti là ni mo ń gbìn wọ́n sí, mo sì ń tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti ní jó apá funfun yẹn. Mẹ́fà ni wọ́n nígbà náà. Ọkọ mi máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pẹ inú ìkòkò tí kò ní so ẹyìn ṣe. Ṣé gbogbo ohun tó dára náà la ó jẹ ni? Mo kàn fẹ́ràn kí n jí ní òwúrọ̀ kí n máa wò wọ́n.

Ogun Kírìjí ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní ọdún yẹn. Ojú ìjà gan-an jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àwọn asùnmọ̀mí kò jìnnà. Àwọn ni wọ́n máa ń lúgọ sínú igbó, tí wọ́n á kó ẹni tó ń lọ sóko lẹ́rú. Ọkọ mi ti kìlọ̀ pé kí obìnrin ilé wa kankan má ṣe kọjá oko ìdílé.

Adẹ́mu kan wà ní Erìò, Ògúndélé lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń gbé ẹmu wá fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé òun rí ọmọ ọ̀pẹ kan lábẹ́ òkè, tí ìdajì ewé rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ní kó mú mi lọ. Ó kọ̀, ó ní ọ̀nà kò dára. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò dá lọ. Mo mú Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó kékeré ilé wa, dání kó bá mi ru agbọ̀n. Oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. A sọ fún ọkọ wa pé ewé la fẹ́ já lẹ́yìn odi. Irọ́ ni, èmi ni mo sì pa á.

A pàdé Ògúndélé lójú ọ̀nà, ó sì mú wa débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ ò bá rí ọ̀pẹ náà! Kò ga ju orúnkún mi lọ, apá kan rẹ̀ funfun báláú. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ wa erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ògúndélé ní òun fẹ́ yẹ ọ̀pẹ tí òun ń dá lẹ́mu wò nítòsí, òun ń bọ̀.

Kò pẹ́ tó kúrò tí a gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe ohùn Èkìtì.

Mo fa Àbẹ̀kẹ́ wọ inú igbó tó dí, a dojú bolẹ̀. Àfìgbà tí a dojú bolẹ̀ tán ni mo rántí pé agbọ̀n wa ṣì wà níta.

Ọkùnrin márùn-ún ló yọ, méjì gbé ìbọn. Wọ́n ti di ọwọ́ Ògúndélé sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí rẹ̀. Bí mo bá na igi gígùn kan, ì bá kàn wọ́n.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjàlọ bẹ̀rẹ̀ sí gun ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń tò gòkè. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Omijé rẹ̀ ń bọ́ sórí ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n kò mira. Wọ́n ń jẹ èmi náà. Ǹjẹ́ ẹ mọ bí ìjàlọ ṣe ń jẹ ẹni tí kò gbọdọ̀ họra?

Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ta agbọ̀n náà. Ó bi Ògúndélé pé, "Ta ló ni èyí? Agbọ̀n obìnrin nìyí."

Ògúndélé gbójú sókè, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Ó rí mi kedere. Mo ní ó ti parí. Bó bá tọ́ka sí wa, bóyá wọ́n á tú u sílẹ̀. Kí ni adẹ́mu kan jẹ́ lójú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin méjì tí ọ̀kan tún lóyún?

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi ló ni ín, mo fi gbé akèrègbè wá. Èmi nìkan ni mo wá."

Ọkùnrin náà gbá a létí. Ó tún un sọ: "Èmi nìkan ni."

Wọ́n fà á lọ.

A kò dìde títí ọ̀rọ̀ wọn fi dákẹ́ pátápátá. Ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ti wú. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ulé." Ó wu èmi náà kí n padà sílé. Ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, ẹ̀rù ìyàwó Ògúndélé tí n ó lọ bá sì bà mí jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mo ní rárá, Erìò là ń lọ.

A bá ìyàwó Ògúndélé níbi tó ti ń sá èlùbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi irọ́ tí mo pa pamọ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn nígbà tí wọ́n ń mú un lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa." Ó wọlé, ó gbé àdín jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi pa ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́.

Àwọn ọkùnrin Erìò tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn asùnmọ̀mí náà dé etí odò, ibẹ̀ ló ti sọnù. Ọkọ mi kò bá mi jà. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán, mo sì fẹ́ kó bá mi jà. Láti ọdún náà, àwọn ọkùnrin ilé wa ló ń kọ ebè fún ìyàwó Ògúndélé. Àbẹ̀kẹ́ bí tirẹ̀ láyọ̀. N kò padà lọ hú ọ̀pẹ náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tó bá wù mí, n kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lọ wá a. Ẹni tó bá sì fi ara rẹ̀ bò ọ́, má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti dákẹ́ nítorí yín rí? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti dé bùdó ogun tàbí ọjà ọ̀nà jíjìn, tó rí ọkùnrin pupa kan tó ga, tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ku mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá òun ni Ògúndélé ará Erìò. Bó bá ní òun ni, ẹ sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn.