Bẹ́ǹṣì Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì

Òórùn spírítì ló fà á. Ọmọ-ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ lánàá. Bí nọ́ọ̀sì ṣe fi òwú nu apá rẹ̀ báyìí, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rò pé òun ni mo ń sunkún fún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ Ìdímù Èkó ìgbà èwe mi tí mò ń wí. Owó epo ti dé, wọ́n ní gbogbo ayé ń jẹ̀gbádùn. Àwa ṣá, kílíníkì kan ṣoṣo la ní, yàrá iwájú ilé Màmá Nọ́ọ̀sì, obìnrin Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí pé à ń forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ara rẹ ò yá? Máa bọ̀. Wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, òórùn spírítì á máa fẹ́ sí ọ láti inú ilé. Bí ẹni iwájú bá ti wọlé, gbogbo yín á jọ súndìí síwájú. Àwa ọmọdé fẹ́ràn sísún yẹn, bẹ́ǹṣì ọ̀hún sì ti dán bíi dígí.

Àmọ́ bí àgbà bá dé, ẹni tó kéré á dìde, á fún un láyè rẹ̀, á bọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kì í fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara àbúrò mi Rísíkátù, ọmọ ọdún méjì, gbóná janjan. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, mo tẹ̀ lé wọn. Àwa ló kàn nígbà tí Bàbá Télọ̀ dé, etí ló ń yún wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀: "Ẹ máa wọlé, bàbá." À ń gbọ́ wọn nínú ilé, wọ́n ń ro ẹjọ́ etí bí ẹni ń pìtàn ogun. Kí wọ́n tó jáde, ìyá àgbà kan dé pẹ̀lú orúnkún dídùn. Ìyá mi tún kúnlẹ̀. Àgbà mìíràn tún dé, ikọ́ díẹ̀ ni tiwọn. "Ọlọ́run á wo ọmọ ẹ sàn," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń kọjá. Rísíkátù ti dákẹ́ ẹkún. A rò pé ó sùn ni.

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màámi, ó ń gbọ̀n!"

Gìrì ti mú un. Màmá Nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó já a gbà, ó ṣe títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò pariwo? Mi ò mọ̀ pé o wà níta!"

"Àgbà ni wọ́n, mà."

Gbólóhùn kan yẹn ni ìyá mi sọ. Nígbà tí àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá wa kẹ́dùn, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi.

Lónìí, fóònù lẹ fi ń gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ dókítà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn ọlọ́mọ tí wọ́n ń dìde fún mi ní ọsibítù nítorí ewú orí mi. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bọ̀wọ̀ fún àgbà jàre. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n kí mi. Àmọ́ bí ara ọmọ yín bá ń gbóná, tẹ́ ẹ bá mi níbẹ̀, ẹ dákun, ẹ má kí mi. Ẹ gbé e wọlé.