Ọmọ Tó Wà Nísàlẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà tí a kó dé Spring, ní ìhà àríwá Houston, ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tó fi sọ pé òun fẹ́ ṣe cheerleader. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní àwọn ọmọbìnrin tó máa ń dúró létí pápá ni, tí wọ́n ń kígbe, tí wọ́n ń fò sókè, kí orí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè wú.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé ó tún yẹ kí èèyàn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo?"

Èmi fẹ́ mọ̀ ní tèmi. Mo bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa, níbi tí àwọn òbí ti ń fi àsìkò ara wọn kọ́ àwọn ọmọ. Láràárọ̀ Sátidé, màá gbé àga mi lọ sétí pápá. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe irú tiwa; ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n á sì máa ya lu ara wọn. Kò yé mi, torí náà àwọn ọmọbìnrin ni mo ń wò.

Wọ́n máa ń gbé ọmọ kan sókè. Á dúró lórí ọwọ́ àwọn tó kù, á na apá méjèèjì, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ọmọ tèmi ò gòkè rí. Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, tó di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mú. Nígbà tó yá, mo lọ bá kóòṣì wọn, ìyá ọlọ́mọ méjì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní The Woodlands, ìlú kan nítòsí wa. Mo ní kí ló dé tí wọn kì í gbé ọmọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bi í léèrè."

Inú mọ́tò ni mo ti bi í.

"Mummy, èmi ni mo sọ pé mi ò fẹ́."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá. Ẹni tó máa gòkè, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Tí mi ò bá sọ pé mo ti ṣe tán, kò sẹ́ni tó máa gbé e."

Mo kàn ń wò ó nínú dígí ọkọ̀ títí a fi délé, bíi pé ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé.

Ní Sátidé kan tí oòrùn mú gan-an, ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lókè yẹ̀. Ọmọ àwọn ará Mexico kan ni, òun ló kéré jù nínú wọn. Ọmọ mi gbà á mọ́ àyà, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí koríko. Kóòṣì sáré dé, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ètè ọmọ mi bẹ́ díẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe èkejì, àmọ́ ó ń sunkún, ó ní òun ò gòkè mọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ọmọ mi jókòó tì í, ó fẹnu sí i létí, ó sọ nǹkan kan. Ẹkún náà dá. Nígbà tí eré ń parí lọ, tí àwọn ọmọkùnrin wa ti ń fìdí rẹmi, mo rí ọmọ kékeré náà tó tún gbé ẹsẹ̀ lé ọwọ́ ọmọ mi. Ó gòkè. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró.

Ìyá ọmọ náà wá bá mi níbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí ni ọmọ yín sọ fún un?"

Ohun tí èmi náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Mo pe ọmọ mi.

Ó ní, "Mo ní pẹ̀lẹ́."

"Ó gbọ́ Yorùbá ni?"

"Kò gbọ́. Mo sọ fún un pé ohun tí mummy mi máa ń sọ tí mo bá ṣubú ni."

Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà. Mo wá ọ̀rọ̀ títí, mi ò rí èyí tó bá a mu. Ó kàn gbé ọwọ́ lé àyà, ó mi orí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Àwọn mẹ́ta ló sọ ọ́ pa pọ̀, "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́", ohùn wọn ń lọ́ bí ẹni ń pe orúkọ àjòjì. Ọmọ mi yíjú sí wọn, ó ń tún un sọ fún wọn díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń tún tirẹ̀ ṣe nílé.