Ẹlẹ́rìí Kì í Sùn Níta

Nígbà ayé bàbá mi, bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ sáà sọ pé rédíò kan ti kú. Á wò yín láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ló kú? Ó dákẹ́ ni." Bàbá Onírédíò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju kí ènìyàn méjì jókòó, kí ẹ̀kẹta dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn òjé yíyọ́ tó fi ń jó wáyà mọ́ra sì ti wọ inú ògiri rẹ̀ lọ. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òjé níbi iṣẹ́, ọmọdé ni mo tún dà, ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀ lórí àga gíga, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Àárò ọwọ́ yẹn ń sọ mí.

Ẹlẹ́rìí ń gbé inú agolo kékeré kan tí bàbá mi fi òwú tẹ́ nínú. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe ènìyàn o. Tíránsísítọ̀ ni, nǹkan bíńtín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá nínú rédíò. Bí bàbá mi bá fura sí tíránsísítọ̀ inú rédíò tó dákẹ́, á yọ onítọ̀hún, á fi Ẹlẹ́rìí rọ́pò rẹ̀. Bí rédíò bá fọhùn, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn nìyẹn. Á tún yọ Ẹlẹ́rìí padà sínú agolo, á wá ra tuntun fún oníbàárà. Oníbàárà kan bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jọ̀ọ́, kó fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. "Ẹlẹ́rìí kì í sùn níta," ni bàbá mi wí. "Ọjọ́ tó bá sùn níta, mi ò kí ń ṣe alátùn-únṣe mọ́, àbá ni mò ń dá."

Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ní rédíò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Bàbá mi ló tò ó jọ fún un láti ara àfọ́kù, nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ìyá mi a máa ní, "Rédíò ni mo gbà ní tèmi. Bàbá rẹ ló tẹ̀ lé e wá."

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nígbà tí mo dàgbà, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya àwòrán tíránsísítọ̀ inú ṣíìpù ni mo bá ara mi, irú èyí tó wà nínú fóònù. Mo sọ fún bàbá mi pé ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ ló wà lórí ohun tí kò tó èékánná.

"Ẹsẹ̀ wọn dà?"

"Wọn ò lẹ́sẹ̀ tí ojú lè rí, Bàbá."

"Bí ọ̀kan bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́?"

"A kì í yọ ọ́. Gbogbo ṣíìpù náà la máa sọ nù."

Ó mi orí títí. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ta ló kọ́ ẹ ní ìnákúnàá?"

Mo fa rọ́bà omi ẹ̀yìnkùlé láti ṣàlàyé wàhálà wa. Nínú ṣíìpù, tíránsísítọ̀ ló ń ṣí iná, òun ló sì ń tì í; bó bá ti kéré jù, iná ń jò kọjá nígbà tó yẹ kó dúró. Mo fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà lókè: omi ṣì ń yọ́ jáde. Bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn. Mo fi ìka fún un lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: omi dínkù. Mo wá fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú yíká, omi dá. "Èyí là ń yà báyìí," ni mo wí, "ó yí i ká pátápátá, kò sí ibi tí iná máa gbà jò." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tètè ti ẹ̀rọ omi kí ìyá mi tó bú wa.

Nígbà tó yá, ojú ìyá mi lọ. Kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, rédíò nìkan ló kù fún un. Rédíò náà bá dákẹ́. Bàbá mi fi Ẹlẹ́rìí sí i, ó fọhùn. Ó yọ ọ́, ó dákẹ́. Irú tíránsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti tán lọ́jà tipẹ́. Èyí tó jọ ọ́ tí mo rà wá, ṣe ni rédíò ń súfèé. Mo ra rédíò tuntun. Ìyá mi tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní kí n pa á.

"Ohùn ẹ̀ dáa, ọmọ mi. Mi ò kàn mọ̀ ọ́n rí ni."

Mo kọjú sí bàbá mi. "Ẹ fi Ẹlẹ́rìí sílẹ̀ fún wọn."

"Rédíò àwọn oníbàárà ńkọ́?"

"Oníbàárà wo, Bàbá?" Eruku ti bo pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Inú bí mi, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: bí Ẹlẹ́rìí bá kúrò nínú agolo, iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ti parí nìyẹn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó dá. Lọ́sàn-án, á jó Ẹlẹ́rìí mọ́ rédíò ìyá mi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á yọ ọ́, á gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lójoojúmọ́! Mo kìlọ̀ fún un pé irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé máa gé ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìí dànù. Ó ní kí n máa ya àwòrán mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ki wáyà irin náà bọ iná mànàmáná kó gbóná, ó ti pa rédíò. Ìyá mi gbóòórùn irin náà. Ó na ọwọ́, ó wá rédíò rẹ̀ rí, ó fọwọ́ pa á lórí. "Ó tún ń lọ nìyẹn?" ló wí. "Ó dàbọ̀ o. Má pẹ́ jù lọ́la o."

Bàbá mi dúró, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ wáyà irin náà kúrò nínú iná. Ó wá gbé ìdérí ẹ̀yìn rédíò, tó ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ń de ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tan rédíò. Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Omijé ti dé ojú mi, mo bá fi yẹ̀yẹ́ bò ó. "Bàbá, ṣebí ẹ ní Ẹlẹ́rìí kì í sùn níta?"

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó fa àga sún mọ́ ìyá mi.

"Ta ló sùn níta?" ló wí. "Ṣé ìta nibí ni?"