Lẹ́tà Tí Mo Ká Mọ́ Ìwé Ọjọ́ìbí

Ní àdúgbò Nimbo, òórùn táyà tuntun àti òróró ẹ́ńjìnnì kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta páàtì alùpùpù. Inú òórùn yẹn ni mo wà lọ́jọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin pè láti òkè òkun pé wọn kò fún òun ní ìwé ààbò tí òun tọrọ. Ó ti jẹ́rìí tako àwọn ọlọ́ṣà kan ní kóòtù níbí. Nígbà tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Belleville, àdúgbò kan nílùú wa níbí, tí wọ́n ní òun alára ló kàn, ló sá lọ.

Lẹ́tà mi ló kó bá a. Ó ní kí n fi ìwé ọjọ́ìbí òun ránṣẹ́, mo sì ká lẹ́tà kékeré kan mọ́ ọn: gbogbo wa wà ní àlàáfíà, kò séwu lóko àfi gìrì àparò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ọlọ́ṣà náà wá bi mí léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní í fi ìyẹn kí ẹni tó wà lájò? Òun náà kà á, kò rí ju ìkíni lọ nínú rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún wọn pọ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gá tó wà nídìí ìwé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kò séwu.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́. Èmi náà lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kan níbí láti búra pé òótọ́ kọ́ ni mo kọ. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sú mi dé eegun. Ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé wò mí títí.

“Tantí, kí ló dé tí ẹ ò kọ òótọ́ nígbà yẹn?”

“A kì í fi ẹkún kí ará àjò,” ni mo wí. Kò yé e, n kò sì lágbára àlàyé mọ́.

Oṣù pọ̀ kí ìdájọ́ tó dé. Adájọ́ ní kì í ṣe iṣẹ́ òun láti mọ̀ bóyá wọ́n máa pa á tó bá padà; kí òun ṣáà wò ó bóyá ọ̀gá yẹn tẹ̀lé òfin ni. Lẹ́tà ló wà níwájú ọ̀gá náà, ìbúra mi kò tíì sí nígbà yẹn. Ó tẹ̀lé òfin. Ọ̀rọ̀ parí.

Wọ́n dá a padà. Ìlú kékeré Brobo ló sá pamọ́ sí báyìí, kò jìnnà, ṣùgbọ́n n kò lè lọ wò ó, kí wọ́n má baà tẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè, ó béèrè ilé. Mo ti kọ́gbọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọkùnrin tó tún ń dúró ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ pé àlàáfíà ni.”

“Àlàáfíà ni,” ni mo wí, omi sì bọ́ lójú mi. Àdúrà ni mo kọ sínú lẹ́tà yẹn lọ́jọ́sí. Ẹ̀rí ni wọ́n kà á sí.