Àwọn Ilẹ̀kùn Arìnrìn-àjò

Kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí káńsù ìlú wọn yáni lówó kọ́ tí káfíńtà yìí kò fi ilẹ̀kùn sí, bẹ́ẹ̀ pálọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ń sùn. Ẹ má fojú kéré pálọ̀ náà o. Àga onítìmùtìmù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí ìkankan nínú wọn, nítorí àlejò. Àlejò wo? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra àga náà, bóyá àlejò méjì péré ló ti jókòó síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ṣìnà ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni káfíńtà àti àwọn tirẹ̀ ń tẹ́ fóòmù sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìyá á gba orí ẹsẹ̀ wọn kọjá lọ ṣí fèrèsé, á sì máa bá fèrèsé sọ̀rọ̀.

"Fèrèsé, o kú iṣẹ́ o. Ìwọ mọ ibi tí wọ́n kàn ọ́ mọ́. Ìwọ ò lọ gbé ilé àna rẹ."

Káfíńtà á fò dìde, á dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ọkọ ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa? Mo gbọ́ bí o ṣe ń hanrun bí ẹni tó ń la gẹdú. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, tó wá ń gba ẹnu ọ̀nà onílé wọlé!"

Kí ni káfíńtà fẹ́ wí? Ẹni tó bá ń sùn ní pálọ̀ àna rẹ̀ ti fi àgádágodo sí ètè ara rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá láyé: fúláàtì oníyàrá méjì nínú àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú ti káńsù, kí òun náà lè ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́rí kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ó yẹ kí a sọ bí káńsù ṣe ń pín owó ilé wọ̀nyí, nítorí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó rò ó, wọ́n rò ó títí ikùn wọn fi kan etí tábìlì. Owó gbogbo ìlú ni. Wọ́n ń yá a fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní èlé tín-ín-rín, kí wọ́n lè fi kọ́ ilé tí apá òṣìṣẹ́ lásán á ká. Kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé owó náà sá lọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀: ìpín kan bí ìpìlẹ̀ bá ti jáde, ìpín kan bí ògiri bá ti dúró, ìpín kan bí òrùlé bá ti bò ó. Èyí tó sanra jù ló kẹ́yìn, ó di ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo fúláàtì. Lójú òfin káńsù, ilé tó bá ti ní ilẹ̀kùn ti parí. Bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìyẹn dọwọ́ Ọlọ́run àti òjò. Agbaṣẹ́ṣe tó bá sì tètè parí ilé ni máàkì rẹ̀ ń ga jù, òun náà ni owó ilé tó tẹ̀ lé e máa kọ́kọ́ kàn.

Agbaṣẹ́ṣe kan wà tí òfin yìí yé ju àwọn tó ṣe é lọ. Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí o bá bi í pé omi ẹ̀rọ ńkọ́, á ní ó kù díẹ̀. Iná ńkọ́? Ó kù díẹ̀. Owó iṣẹ́ àwọn bíríkìlà ńkọ́? Á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ṣíṣú òjò, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mà kù díẹ̀." Ikùn rẹ̀ nìkan ni kò kù díẹ̀. Ìyẹn ti parí tipẹ́, káńsù ìbá wá gé ríbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tó kọ́ nìkan ló ra pákó ilẹ̀kùn fún. Káfíńtà kan àwọn ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń kan ti ààfin, ó fi sáńpépà họ wọ́n títí wọ́n fi ń dán bí orí apárí. Bí káńsù ṣe yẹ̀ wọ́n wò tán, Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ gbé apá lé e léjìká.

"Káfíńtà mi, ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ṣé wọ́n ṣeé tú?"

"Kí ló ṣe wọ́n, ọ̀gá?"

"Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ìrìn-àjò ni wọ́n ń lọ. Káńsù fẹ́ wá yẹ ilé kejì wò lọ́la."

"Àwọn tó fẹ́ wá gbé ilé àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n ti dé ni? Kí wọ́n tó dé, ilẹ̀kùn á ti padà. Ìwọ ṣáà gbọ́: má wulẹ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ ní wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Jẹ́ kó kóra jọ. Bí a bá kọ́ ilé kẹrin, fúláàtì kan níbẹ̀, tìrẹ ni."

Ọ̀rọ̀ fúláàtì ló mú un. Ó tú ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́, ó lọ kàn wọ́n sí ilé kejì. Ó tú ti ilé kejì, ó gbé e lọ sí ilé kẹta. Àwọn tó wá gbé àwọn ilé náà bá ihò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ń retí ohun tó kù díẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí rìn débi pé, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá bàjẹ́ lọ́nà, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. "Bàbá ọmọ mi, ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Epo wo lẹ̀ ń bá wọn gbà sílẹ̀ yìí?"

"Ilé wa ni mò ń gbà sílẹ̀."

"Ṣé ilé náà máa ní ilẹ̀kùn?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń kan ilẹ̀kùn? Ṣé ẹja máa wẹ̀ nínú omi kí òùngbẹ tún gbẹ ẹ́ ni?"

Ẹ máa rò pé ẹni tó ń yẹ ilé wò fún káńsù ti gba rìbá. Ó tì o! Bàbá Kanlẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń pè é, kì í gba kọ́bọ̀. Omi tútù lásán, kò ní mu ún lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Á kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á ṣí i, á tì í, á tún un ṣí. Bí ọ̀kan bá dún kín-ín, ẹ lọ wá òróró kí ó tó buwọ́ lùwé. Àwọn ìyá ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í ṣe: kì í padà sí ilé tó bá ti buwọ́ lù. Ó ní olóòótọ́ kì í yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ilé kẹta, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kan tí kókó dúdú wà lára pákó rẹ̀ bí ojú.

"Ilẹ̀kùn yìí, ó jọ pé mo ti rí i rí."

Òógùn bo káfíńtà. Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Bàbá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣé ọmọ ìyá ò ní jọra ni?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Kanlẹ̀kùn wí, "ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ilé tálákà bára mu." Ó fi máàkì kan kún un.

Ilé kẹrin dé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, alága káńsù fúnra rẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí káfíńtà níwájú àwọn ayàwòrán, ó ní, "Ẹ wò ó, òṣìṣẹ́ lásán!" Ìyá ìyàwó wá pẹ̀lú aṣọ tó níyì jù nínú àpótí rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti inú, ó tún un ṣí. Ó wá jókòó.

"Ọkọ ọmọ mi, èébú tí mo ti bú ọ, ó ti pọ̀ jù. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ilé yín ni."

Káfíńtà ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ń gbọ́ bí ariwo ayé ṣe dúró síta. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ò tíì dé inú ẹ̀rọ, iná ò tíì wọ ògiri, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí omi níbi tí ilẹ̀kùn wà?

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ ni, pẹ̀lú awakọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ìwọlé o. Káfíńtà mi, gbé irinṣẹ́ rẹ. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ yẹ ilé karùn-ún wò."

"Ọ̀gá, mo ti wọlé!"

"Mo rí i, ilé yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé karùn-ún ò bá yege, káńsù á dá owó dúró. Bí wọ́n bá dá owó dúró, n ò ní lè san gbèsè ilé kẹrin. Bí n ò bá san án, wọ́n á gba ilé kẹrin. Ṣé o fẹ́ kí ilé rẹ lọ nítorí ilẹ̀kùn rẹ ni?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Ìyá ìyàwó wo àjà, kò sí àjà níbẹ̀ pàápàá. Káfíńtà gbé irinṣẹ́, ó ń tú ilẹ̀kùn láti fúláàtì dé fúláàtì, àwọn aládùúgbò rẹ̀ tuntun sì ń fi èpè sìn ín bọ̀ títí ó fi padà dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ó tú ìyẹn náà. Ìyàwó rẹ̀ ta aṣọ ìbora sí ojú ihò.

"Ní ilé tèmi," ni ìyá wí bó ṣe ń gbé báàgì rẹ̀, "àga ni mi ò fún yín. Mi ò gba ilẹ̀kùn."

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà kan ilẹ̀kùn gbogbo sí ilé karùn-ún, ó fi tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó wà nínú fúláàtì tó kan tirẹ̀ sí nígbà tó gbọ́ tí Bàbá Kanlẹ̀kùn ń bọ̀, kò, kò, kò, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi ti ilẹ̀kùn láti inú.

Kò, kò, kò.

"Ta ni yẹn?" ni káfíńtà béèrè.

"Káńsù ni. Ṣílẹ̀kùn."

"Mi ò ṣí! Ilẹ̀kùn mi nìyí. Láti ilé kẹrin ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹ lọ sí ilé kẹrin, ẹ lọ wo ihò tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ dé ilé kẹta, ẹ dé ilé kejì, aṣọ ni gbogbo ayé fi ń bo ẹnu ọ̀nà!"

Ohùn Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ dún tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. "Bàbá, èèyàn... èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ ni."

"Kí ilé tó parí?" Ayọ̀ ti wọ ohùn Bàbá Kanlẹ̀kùn. "Ilé tó bá ti ní olùgbé ní máàkì méjì o!"

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?" ni káfíńtà kígbe.

"Mo gbọ́. Mo ti buwọ́ lu ilé kẹrin, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Kí lorúkọ yín, kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

Káfíńtà rò pé ẹ̀sùn òun ló fẹ́ kọ, ó dárúkọ. Báyìí ni ìpín tó sanra jù ṣe jáde fún ilé karùn-ún.

Kò pẹ́ tí káńsù fi ránṣẹ́ pe káfíńtà. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì wò ó bí ẹni wo eṣinṣin inú ọtí.

"Lórí fúláàtì méjì lorúkọ rẹ wà. Àwọn kan ò rí ẹyọ kan, ìwọ ń jẹ méjì."

"Sà, ìkankan nínú wọn ò ní ilẹ̀kùn mọ́."

"Olójúkòkòrò! Ó tún ń wá ilẹ̀kùn! Ẹni tó bá gba méjì máa pàdánù méjèèjì. Òfin ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń ti ilé pa dé ilé kẹrin, wọ́n ní kí ìyàwó káfíńtà kó ẹrù jáde. Ó kó o jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tì. Wọ́n wo aṣọ ìbora, wọ́n wo àgádágodo ọwọ́ wọn. Òfin ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀ aṣọ. Wọ́n ké sí agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ilẹ̀kùn kan wá láti ilé kẹfà, ó sì fi káfíńtà tì í lẹ́yìn, nítorí kò sí ẹlòmíì tó mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń wọ férémù.

"Bí o ò bá kàn án," ni olórí wọn wí, "búlọ́ọ̀kù la máa fi dí i, a ó sì kọ owó búlọ́ọ̀kù náà sí ọ lọ́rùn."

Káfíńtà kàn án. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi sáńpépà ra etí rẹ̀ díẹ̀, ó ta òróró sí i. Ó gbìyànjú kí iṣẹ́ náà burú, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹrù lé orí, ó di ọmọ kékeré mú lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́dọ̀ Màmá."

"Ẹ máa lọ ná. Ọ̀gá ní kí n dúró."

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n fẹ́ kí n tú u. Ọ̀la ni wọ́n máa yẹ ilé kẹfà wò."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, aṣọ ìbora náà ń wọ́ lórí àtẹ̀gùn tẹ̀ lé wọn. Káfíńtà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí wọ́n fi tì í síta, ó to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀.